Ẹsẹ̀, Pátákó àti Téèpù

Nínú ìwé èsì ìdíje eré ìdárayá ilẹ̀ Áfíríkà tó wáyé ní Èkó lọ́dún 1989, ìlà kan wà tí ojú lè tètè fò kọjá: fífo jìnnà, ọkùnrin, Yusuf Alli, Nàìjíríà, 8.27. Orúkọ kan, orílẹ̀-èdè kan, iye kan. Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹjọ ni, ọjọ́ tí ìdíje náà parí ní pápá ìṣeré ńlá Sùúrùlérè. Ìgbà kẹfà nìyẹn tí Áfíríkà pe àwọn asáré, afò àti ajusọ̀kò rẹ̀ jọ, láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje náà ní Dakar lọ́dún 1979. Ó sì lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ọjọ́ yẹn tí ọmọ Nàìjíríà kankan kò fò ju ibẹ̀ lọ lọ́nà tí wọ́n lè kọ ọ́ sínú ìwé rẹ́kọ́ọ̀dù.

Mo fẹ́ràn ìwé èsì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a ka orúkọ ẹni tó gba wúrà tán, wọ́n a ṣí ojú ewé. Èmi a máa pẹ́ níbẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ló dì sínú àwọn iye wọ̀nyẹn: iṣẹ́ ẹni tó fò, àti iṣẹ́ àwọn tó wọ̀n ọ́n, tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn síbẹ̀. Ẹni bá fẹ́ mọ ohun tí 8.27 jẹ́, kó mú téèpù, kó wọn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sílẹ̀ ní àgbàlá ilé rẹ̀, kó fa ìlà sí ìbẹ̀rẹ̀, kó fa òmíràn sí òpin. Kó wá dúró sórí ìlà àkọ́kọ́, kó wo èkejì. Ìfò náà tilẹ̀ tún fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tó jìnnà sí iyanrìn ni iṣẹ́ afòjìnnà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó bá ti tó gbangba sùn lọ́yẹ́ nínú eré yìí máa ń gbéra ní nǹkan bí ogójì mítà sí pátákó, nígbà mìíràn kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ogún ìṣísẹ̀ ni yóò sá kó tó débẹ̀. Àmì kékeré ló ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti mọ ibi tí yóò ti gbéra. Ẹ wò ó dáadáa kó tó sáré. Ẹ ó rí i tó sún sẹ́yìn díẹ̀, tàbí tó bọ́ síwájú díẹ̀. Àwọn tó jókòó lókè lè rò pé ẹ̀rù ló ń bà á tàbí pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ìṣirò ló ń ṣe. Bí atẹ́gùn bá ń ti ẹ̀yìn fẹ́, ìṣísẹ̀ rẹ̀ yóò gùn sí i, bí kò bá sì sún sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kọjá pátákó. Bí atẹ́gùn bá dojú kọ ọ́, ìṣísẹ̀ yóò kúrú, kò sì ní bá igi náà mọ́ bí kò bá sún síwájú. Bí ara bá ti rẹ̀ ẹ́ ní ìfò kẹrin tàbí ìkarùn-ún, èyí náà wọ inú ìṣirò.

Pátákó ọ̀hún kò fẹ̀ ju ogún sẹ̀ǹtímítà lọ. Bàtà ọkùnrin tó ti dàgbà gùn ju ìyẹn. Orí igi tóóró yìí ni yóò gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lé, nígbà tí eré rẹ̀ ti ń mú mítà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìka ẹsẹ̀ bá kọjá etí igi náà pẹ́nrẹ́n, òfo ni, bó tilẹ̀ fò dé ìlú òdìkejì. Bí ẹsẹ̀ bá sì kù sẹ́yìn, láti etí pátákó ni wọn yóò ti wọ̀n ọ́n; ohun tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn ti lọ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò ní bá a kà á. Síbẹ̀, kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́lẹ̀. Ojú tó bá wolẹ̀ a fa orí wálẹ̀, orí a fa èjìká, eré tó ti kó jọ láti ogójì mítà a sì bàjẹ́ síbẹ̀. Aláṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn kì í wo ọ̀kọ̀ bó ti ń jù ú láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì, ọwọ́ ti mọ ibi tí òwú wà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ afòjìnnà ṣe ń mọ ibi tí pátákó wà, lẹ́yìn tó ti sá ogún ìṣísẹ̀ kan náà láìmọye ìgbà. Nínú ìṣísẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó kẹ́yìn, ojú a ti rí igi náà láti ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ a sì máa tún ara rẹ̀ ṣe, ó fi ìka kan gùn, ó fi ìka kan kúrú, láìjẹ́ kí eré dínkù.

Ìṣísẹ̀ méjì tó kẹ́yìn ni mo máa ń wò jù lọ. Èyí tó ṣáájú ìkẹyìn máa ń gùn ju gbogbo àwọn tó kù lọ; ìbàdí a lọ sílẹ̀ díẹ̀, bí ẹni pé ọkùnrin náà fẹ́ jókòó, kó tó yí èrò padà. Èyí tó kẹ́yìn a kúrú, a yá, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ a sì bọ́ lé pátákó lẹ́ẹ̀kan. Nínú kíkúrú yìí ni eré tó ń lọ síwájú ti ń yí díẹ̀ padà di gíga. Ẹsẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ìṣẹ́jú àáyá kan lọ lórí igi náà. Nínú àkókò tí ojú fi ń ṣẹ́, orúnkún, ìbàdí àti kókósẹ̀ ti gbé ẹrù tó wúwo ní ìlọ́po-ìlọ́po ju ara ẹni náà fúnra rẹ̀ lọ, wọ́n sì ti tì í sókè.

Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn tí kò mọ eré yìí lẹ́nu. Wọ́n rò pé ẹni tó bá fò ga jù ni yóò lọ jìnnà jù. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í fò ga. Nǹkan bí ogún dígírì ni wọ́n fi ń kúrò nílẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fò lọ tààrà. Ẹni tó bá fẹ́ ga ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ fi eré rẹ̀ san án, eré yẹn sì ni ọrọ̀ tó kó wá. Bí mo bá rí ọmọdé kan tó ń fò sókè fìrì bí ẹni fẹ́ ká máńgòrò, mo máa ń fẹ́ sún mọ́ ọn kí n sọ fún un pé iwájú ni kó máa wò.

Lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò lórí igi, ó ti parí: ohunkóhun tó bá ṣe lófuurufú kò lè fi kún bí ara rẹ̀ yóò ṣe rìn jìnnà tó. Kí wá ni gbogbo apá tó ń jù àti ẹsẹ̀ tó ń gbé bí ẹni ń rìn lójú ọ̀run wà fún? Ara ẹni tó fi irú eré bẹ́ẹ̀ ta igi mọ́lẹ̀ fẹ́ dojú dé. Apá àti ẹsẹ̀ ló fi ń dá a dúró ṣinṣin, kí ó lè raaye na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú nígbà tí ilẹ̀ bá ń bọ̀. Ibẹ̀ ni sẹ̀ǹtímítà wà tí ènìyàn lè jèrè tàbí kó pàdánù. Gìgísẹ̀ a kan iyanrìn, orúnkún a ká, ìbàdí a yọ́ kọjá ibi tí gìgísẹ̀ ti wọlẹ̀. Bí ìdí bá kanlẹ̀ sẹ́yìn, tàbí tí ọwọ́ bá gbá iyanrìn lẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọn yóò ti wọ̀n. Iyanrìn kì í gbàgbé ohun tó bá kàn án.

Ibi tí iṣẹ́ tirẹ̀ parí sí ni iṣẹ́ àwọn adájọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dùn mí pé àwọn tó ń kọ̀wé nípa eré ìdárayá kì í fi bẹ́ẹ̀ wo apá ibẹ̀. Adájọ́ kan wà tí kì í wo ìfò rárá. Etí pátákó ló ń wò, níbi tí wọ́n máa ń tẹ́ amọ̀ rírọ̀ sí kí ìka ẹsẹ̀ tó bá ṣe àṣejù lè fi àmì sílẹ̀. Lónìí, kámẹ́rà ló ń bá a wò ó ní àwọn ìdíje ńlá. Gbogbo pápá ń pariwo, ojú gbogbo ènìyàn ń bá ẹni tó ń fò lọ, òun nìkan ni ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Àsíá funfun, ó dára. Àsíá pupa, òfo ni. Ẹlòmíràn wà létí iyanrìn tó ń wá àmì tó sún mọ́ pátákó jù lọ, tí kò ní jẹ́ kí ihò ńlá tí gìgísẹ̀ gbẹ́ tan òun jẹ nígbà tí ojú ìka ọwọ́ kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí téèpù ni wọ́n bá fi ń wọ̀n, orí rẹ̀ yóò wà níbi àmì nínú iyanrìn, ìdí rẹ̀ yóò dé pátákó. Ó gbọ́dọ̀ nà tantan, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ìlà ìfò. Bó bá wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò fún ẹni náà ní ohun tí kò fò. Àti ẹni tó ń túnlẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìfò kọ̀ọ̀kan! Iyanrìn náà gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀ kí ojú ẹsẹ̀ lè dúró nínú rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ́ déédéé pẹ̀lú orí pátákó. Bó bá ga jù, afò yóò kanlẹ̀ kí ó tó yẹ kó kàn án. Bó bá jìn jù, wọ́n ti ta á lọ́rẹ.

Ohun kan wà nínú òfin wọn tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi. Bí ìwọ̀n ìfò bá bọ́ sáàárín sẹ̀ǹtímítà méjì, èyí tó kéré ni wọ́n ń kọ. Nínú eré sísá, òdìkejì rẹ̀ ni: bí àwòrán òpin eré bá fi hàn pé àkókò bọ́ sáàárín ìdá ọgọ́rùn-ún méjì, èyí tó pẹ́ jù ni wọ́n ń kọ. Nígbà tí Seun Ogunkoya gba wúrà 100 mítà ní ìdíje Áfíríkà ti Dakar lọ́dún 1998 pẹ̀lú 9.94, tàbí tí Olusoji Fasuba gbà á tẹ̀léra lọ́dún 2004, 2006 àti 2008, kò sí èyí tí wọ́n fi ìdá kankan ta lọ́rẹ. Àyà ni wọ́n sì ń wò lójú ìlà òpin, wọn kì í wo orí, wọn kì í wo ọwọ́. Nítorí náà, nígbà tí ìwé bá sọ pé ọkùnrin kan fò 8.27, ó kéré tán ó fò ó. Ó ṣeé ṣe kó fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe kó kéré sí i.

Atẹ́gùn ni ìyókù. Ẹ̀rọ kékeré kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ìsáré, ní ogún mítà sí pátákó. Bí afò bá ti kọjá ogójì mítà sí pátákó, wọn yóò wọn atẹ́gùn fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Bí èyí tó ń ti ẹ̀yìn bọ̀ bá ju mítà méjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ìfò náà yóò kà nínú ìdíje, a ó sì fún ẹni náà ní ẹ̀bùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè di rẹ́kọ́ọ̀dù. Àwọn ọmọ Yorùbá mọ òfin yìí dáadáa látìgbà tí Tobi Amusan ti sáré fo àwọn igi ní Eugene lọ́dún 2022: 12.12 tó sá ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ló di rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé, 12.06 tó fi gba wúrà kò kà, nítorí atẹ́gùn jẹ́ 2.5. Ní Tokyo lọ́dún 1991, Carl Lewis fò 8.91, ó ju ohun tí ẹnikẹ́ni tí ì fò láyé rí lọ, ṣùgbọ́n atẹ́gùn jẹ́ 2.9. Láìpẹ́ sí i, nínú ìdíje kan náà, Mike Powell fò 8.95 pẹ̀lú atẹ́gùn 0.3 péré. Ti Powell ló wà nínú ìwé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Alli fúnra rẹ̀ nìyẹn. Kò ju oṣù mẹ́fà lẹ́yìn Èkó, níbi Ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní Auckland lọ́dún 1990, ó fò 8.39, ó sì gba wúrà. Festus Igbinoghene, ọmọ Nàìjíríà bíi tirẹ̀, gba idẹ. Sẹ̀ǹtímítà méjìlá ju ti Èkó lọ. Atẹ́gùn pọ̀ jù. Ìfò tó jìnnà jù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí i fò kò lè borí èyí tó fò ní Sùúrùlérè, nítorí pé ní Sùúrùlérè, òun nìkan ló fò, atẹ́gùn kò bá a gbé e ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ adájọ́ ṣe lè nira tó, kó ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Mexico lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹwàá ọdún 1968. Bob Beamon fò kọjá ibi tí ẹ̀rọ ìwọ̀n wọn lè dé. Irin tí ẹ̀rọ náà ń gùn lé tán kó tó kan àmì ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn adájọ́ náà kò méfò. Wọ́n wá téèpù irin, wọ́n nà án, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n tún un wọ̀n, pẹ̀lú gbogbo ayé tó ń dúró dè wọ́n. 8.90. Atẹ́gùn ọjọ́ yẹn jẹ́ 2.0 gééré, ibi tí òfin dé dúró. Ká ní ó fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ ni, ìfò kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, kì bá wà nínú ìwé rẹ́kọ́ọ̀dù rárá.

Ní Kòmu, níbi tí mo ti ń kọ èyí, sáà kejì ni àwọn ilé-ìwé máa ń ṣe ìdíje láàárín àwọn ilé wọn, ilé pupa, ilé àwọ̀ ewé, ilé yẹ́lò, ilé búlúù. Ọyẹ́ ṣì máa ń wà nílẹ̀ nígbà náà, gbogbo Òkè-Ògùn sì mọ ohun tí atẹ́gùn ọyẹ́ lè ṣe láti àríwá ìlà-oòrùn. Kò sí ẹ̀rọ tí ń wọn atẹ́gùn ní pápá ilé-ìwé. Bí ọ̀nà ìsáré bá kọjú sí ibi tí ọyẹ́ ń lọ, ọmọ tó bá fò lọ́dún yìí yóò dà bí ẹni tó sàn ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fò lọ́dún tó kọjá lọ, ó sì lè jẹ́ pé atẹ́gùn ló sàn jù. Àwọn pápá ńlá mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń gbẹ́ kòtò iyanrìn sí ìpẹ̀kun méjèèjì, kí wọ́n lè yí ìdíje padà bí atẹ́gùn bá yí. Kòtò kejì kò ná ilé-ìwé ní ohun púpọ̀. Ṣọ́bìrì ni, iyanrìn odò ni, àti agbára àwọn ọmọkùnrin ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan.

Tíṣà eré ìdárayá kan wà níbí tí iṣẹ́ rẹ̀ wù mí. Kò ní amọ̀ rírọ̀ tí wọ́n ń tà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Iyanrìn tútù ló ń tẹ́ sí iwájú pátákó, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ dọ́gba, ó fi etí rúlà gé e gégé mọ́ etí igi. Bí ọmọ kan bá ti fò tán, kó tó wo ibi tó bọ́ sí, yóò ti kúnlẹ̀ síbẹ̀, ojú rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó gbé àsíá pupa fún ọmọ tí gbogbo pápá ti ń gbé sọ́rùn. Wọ́n pariwo lé e lórí, olórí ilé pupa sáré wá, ó ní ẹsẹ̀ kò kàn án. Tíṣà kò bá a jiyàn. Ó ní, "Kúnlẹ̀ síbí kí o wò ó." Ọmọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó rí ojú àtàǹpàkò nínú iyanrìn tútù. Ó dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti rí i," ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn tirẹ̀.

Ní ọjọ́ kan náà, ọmọ méjì fò iye kan náà, sẹ̀ǹtímítà kan kò sí láàárín wọn. Àwọn èrò ní kí wọ́n pín ipò kìíní. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n tún fò. Tíṣà ṣí ìwé rẹ̀, nítorí gbogbo ìfò ọmọ kọ̀ọ̀kan ló kọ síbẹ̀, títí kan èyí tí kò dára, títí kan àwọn òfo. Ohun tí òfin sọ ni pé kí a wo ìfò kejì tó dára jù lọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní. Ó fi ìka tọ́ ọ fún àwọn ọmọ méjèèjì, ó jẹ́ kí wọ́n kà á fúnra wọn, ẹni tó ṣe ipò kejì bọ ẹni tó ṣe ipò kìíní lọ́wọ́. Tíṣà kọ orúkọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú iye wọn, ó fọwọ́ sí i, ó sì ní kí wọ́n pe àwọn tó fẹ́ sá 1500 mítà jáde.

Ìwé àjákọ lásán ni ìwé náà, irú èyí tí àwọn ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Mo bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ti àwọn ọdún tó ti kọjá ṣì wà. Ó ní àwọn kan wà nínú dúrọ́ọ̀, àwọn kan ti bá òjò lọ nígbà tí òrùlé ọ́fíìsì ń jò. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí a da àwọn tó kù kọ sínú ìwé kan tó lẹ́yìn líle, orúkọ, ọdún, iye, ilé tí ọmọ náà wà, àti ibi tí ọyẹ́ ń fẹ́ sí lọ́jọ́ náà bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rántí. Ó gbà. A ti bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó lọ́jọ́ lórí jù nínú àwọn tí òjò kò kàn.